Bílíọ̀nù, milliard tàbí mílíọ̀nù lọ́nà ẹgbẹ̀rún: èwo ni kí ẹ kọ?

Iṣẹ́ ìtumọ̀ kan ló kó mi sí ọ̀rọ̀ yìí. Ìròyìn lórí ètò ìṣúná ilẹ̀ Kòlóńbíà fún ọdún 2024 ni. Èdè Sípéènì ni wọ́n fi kọ ọ́, olóòtú sì fẹ́ ẹ ní Yorùbá kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Mo kà á pé owó náà lé ní 500 billones pésò. Mo kọ “500 bílíọ̀nù pésò”, mo ń bá tèmi lọ. Ìgbà tí mo dé ibi àtẹ ìṣirò tó wà nísàlẹ̀ ni ojú mi là: òdo tó tẹ̀lé billón kan níbẹ̀ jẹ́ méjìlá, kì í ṣe mẹ́sàn-án. Mo ti gba ẹgbẹ̀rún lọ́wọ́ odidi orílẹ̀-èdè, mo dá ẹyọ kan padà fún wọn.

Ìyá kan ló bí bílíọ̀nù àti billón, ṣùgbọ́n ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ni ọ̀kan fi lówó ju èkejì lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé, tí a bá ń kọ Yorùbá, tí a sì fẹ́ dárúkọ 1,000,000,000, kí ni ká pè é? Ọ̀nà márùn-ún ni mo ti rí lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ̀wé. Àwọn kan ń kọ bílíọ̀nù, bí a ti gbà á lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ènìyàn wa tó kàwé Faransé ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ń sọ milliard. Àwọn mìíràn ń so mílíọ̀nù mọ́ ẹgbẹ̀rún. Àwọn àgbà ń fi àádọ́ta ọ̀kẹ́ kọ́ tiwọn. Ẹni tí gbogbo rẹ̀ sì sú, nọ́ńbà lásán ló ń kọ.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Ohun mẹ́ta ni mo wò. Èkíní: ṣé iye tí ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí kì í yí padà bó bá ti rékọjá ààlà? Èkejì: èémí mélòó ló ń gbà, ààyè mélòó ló ń jẹ lójú ìwé? Ẹ̀kẹta: ta ni a ń bá sọ̀rọ̀? Ṣé ará Ìbàdàn ni àbí ará Kétu, ṣé ojú ni yóò fi kà á àbí etí ni yóò fi gbọ́ ọ lórí rédíò? N kò fi ọwọ́ kan náà mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀rọ̀ tó gùn kò ná wa ju èémí díẹ̀ lọ, àmọ́ èyí tó bá ṣini lọ́nà, ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ni yóò fi ṣini. Ti àkọ́kọ́ ló wúwo jù lọ́wọ́ mi.

Ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀

Mílíọ̀nù ló kọ́kọ́ wà. Àwọn ará Ítálì mú mille, tó jẹ́ ẹgbẹ̀rún, wọ́n fi -one, tí wọ́n fi ń sọ nǹkan di ńlá, kún un. Ó di milione, ẹgbẹ̀rún gbàǹgbà. Lórí èyí, gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù fẹnu kò: òdo mẹ́fà ni níbi gbogbo.

Ẹ̀yìn mílíọ̀nù ni ọ̀rọ̀ ti dàrú. Jehan Adam, ará Faransé, ti kọ bymillion ní 1475. Ní 1484, Nicolas Chuquet, onímọ̀ ìṣirò tó ń gbé ní Lyon, ìlú àwọn oníṣòwò, to orúkọ àwọn nọ́ńbà ńlá lẹ́sẹẹsẹ sínú ìwé tó fi ọwọ́ kọ. Ó mú bi inú èdè Látìn, tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, ó fi ṣíwájú: byllion. Ó mú tri, ẹ̀ẹ̀mẹta: tryllion. Òdo mẹ́fà mẹ́fà ló ń kó jọ, nítorí náà byllion ní òdo mẹ́fà lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn méjìlá, tryllion sì ní méjìdínlógún. Ẹ wo bó ṣe gún régé, orúkọ fúnra rẹ̀ ló ń sọ iye òdo tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé Chuquet kò rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé títí di 1880, àmọ́ Estienne de La Roche, tí òun náà ń gbé ní Lyon, ti kó púpọ̀ nínú rẹ̀ sínú ìwé tirẹ̀ tó tẹ̀ jáde ní 1520. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe bọ́ sígboro.

Nígbà tó di ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn kan ní Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í kó òdo jọ ní mẹ́ta mẹ́ta. Billion bá já sí òdo mẹ́sàn-án, trillion já sí méjìlá. Ẹ bi mí pé kí ni “ẹ̀ẹ̀mejì” inú rẹ̀ tún wá ń kà, màá ní ẹ ronú ẹgbẹ̀rún kan tí a fi ẹgbẹ̀rún sọ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣeé ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ẹwà rẹ̀ ti lọ. Amẹ́ríkà gba ti tuntun yìí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì àti Sípéènì jókòó ti àtijọ́. Ẹ jẹ́ ká pe ti àtijọ́, olódo méjìlá, ní oǹkà gígùn, ká sì pe ti mẹ́sàn-án ní oǹkà kúkurú.

Eré gan-an ṣì ń bọ̀. Faransé tó bí oǹkà kúkurú padà sídìí ti gígùn, ìjọba wọn sì fi àṣẹ dè é ní 1961. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ fi oǹkà gígùn sílẹ̀: ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá 1974, olórí ìjọba wọn, Harold Wilson, kọ èsì sí aṣòfin kan pé bílíọ̀nù tí àwọn mínísítà bá dárúkọ, ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù ni. Wọ́n pàdé lójú ọ̀nà, ọ̀kan ń lọ, èkejì ń bọ̀. Nàìjíríà ti gba òmìnira ní ọdún mẹ́rìnlá ṣáájú ìgbà yẹn, nítorí náà bí ẹ bá rí ìwé ìṣirò àwọn Gẹ̀ẹ́sì nínú àpótí bàbá àgbà, ẹ má tètè fọkàn tán bílíọ̀nù inú rẹ̀.

Bílíọ̀nù

Òun ló rọrùn jù lẹ́nu: sílébù mẹ́rin péré. Kò sí ìwé ìròyìn Yorùbá ní Nàìjíríà tí ẹ ó ṣí tí ẹ kò ní bá a pàdé, òdo mẹ́sàn-án ni gbogbo wa sì mọ̀ ọ́n sí. Ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston kò ní béèrè nǹkan kan. Bràsíl náà bá wa dọ́gba: bilhão tiwọn jẹ́ òdo mẹ́sàn-án.

Ṣùgbọ́n ẹ rọra. Ní Pọ́túgà, níbi tí èdè Bràsíl ti wá, bilião ni wọ́n ń kọ, òdo méjìlá ló sì ní. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yàtọ̀, lẹ́tà yẹn sì tó ìlọ́po ẹgbẹ̀rún. Jámánì ń sọ Billion, Nẹ́dálándì ń sọ biljoen, Swídìn ń sọ biljon, Pólándì ń sọ bilion: méjìlá ni gbogbo wọn. Billón àwọn ará Sípéènì náà nìyẹn, àti ti Kúbà àti Kòlóńbíà, àyàfi pé ní Puerto Rico, níbi tí òjìji Amẹ́ríkà ti gùn, ẹ lè rí billón olódo mẹ́sàn-án.

Ti Jámánì ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ìtumọ̀ lọ́dọ̀ mi. Lóṣù Kọkànlá 1923, owó wọn wó lulẹ̀ débi pé dọ́là Amẹ́ríkà kan di 4,200,000,000,000 máàkì. Wọ́n wá gbé owó tuntun jáde, Rentenmark, ọ̀kan rẹ̀ sì dúró fún Billion kan nínú ti àtijọ́. Ẹni tó bá kọ “bílíọ̀nù kan” síbẹ̀ ní Yorùbá ti sọ ìtàn mìíràn. Tírílíọ̀nù kan ni lẹ́nu wa. Lẹ́nu àwọn ará Jámánì, Trillion ní òdo méjìdínlógún, nítorí náà àìsàn yìí kò mọ sórí bílíọ̀nù nìkan.

Ìdájọ́ mi: nínú ilé, ó ṣeé fọkàn tán pátápátá. Bó bá ti jáde nílé, ẹ mú ẹlẹ́rìí dání.

Milliard

Bí a bá fẹ́ kọ ọ́ bí ẹnu wa ṣe máa pè é, mílíáàdì ni. Faransé ló ti wá, láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ó sì gba àkókò díẹ̀ kó tó fìdí múlẹ̀ sórí òdo mẹ́sàn-án. Nígbà tí Jámánì ṣẹ́gun Faransé ní 1871, milliard márùn-ún fàráǹkì ni wọ́n ní kí Faransé san.

Ẹ ka àwọn tó ń lò ó lónìí: milliard ní Faransé, Milliarde ní Jámánì, miliardo ní Ítálì, miljard ní Nẹ́dálándì àti Swídìn, miliard ní Pólándì, milliard ní Dẹ́nmáàkì àti ní Rọ́ṣíà, kódà milyar ní Tọ́kì. Òdo mẹ́sàn-án, òdo mẹ́sàn-án, òdo mẹ́sàn-án. Bó bá jẹ́ pé àìyípadà nìkan ni mo ń wá, milliard ni mo máa mú, kò sì sí èyí tó lè bá a du ipò. Ohun tó bá tẹ̀ lé e ló kàn ń yàtọ̀: àwọn ará Rọ́ṣíà ń fo láti milliard bọ́ sórí trillion olódo méjìlá, àwọn Faransé sì fẹ́ràn láti sọ pé “ẹgbẹ̀rún milliard” ju kí wọ́n dárúkọ billion wọn lọ.

Ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, owó ìjọba kò ní orúkọ mìíràn. Ètò ìṣúná Bẹ̀nẹ̀ fún 2024 lé ní 3,000 milliard séfà. Ará Ìmẹ̀kọ tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu ìbátan rẹ̀ ní Kétu gbọ́dọ̀ yí i lórí sí tírílíọ̀nù mẹ́ta kó tó lè fi wé tiwa. Bẹ́ẹ̀ náà ni ₦54.99 tírílíọ̀nù tí Nàìjíríà bu fún ọdún 2025 ṣe ń di 54 990 milliard bó bá dé Kùtọnú. Ọkùnrin tí àwọn ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní billionaire, milliardaire ni àwọn Faransé ń pè é. Dangote kan náà ni, àpò kan náà.

Kí ló dé tí n kò fi ní kí gbogbo wa bọ́ sórí rẹ̀? Nítorí òǹkàwé ní Ọ̀yọ́. Bó bá rí mílíáàdì, yóò rò pé mílíọ̀nù ni mo fẹ́ kọ tí ìka mi yọ̀. Lórí rédíò tí kò mú dáadáa, ó burú jùyẹn lọ. Ọ̀rọ̀ tí kò sí lẹ́nu ọjà kì í ṣeé fi àṣẹ gbé kalẹ̀, àwọn ará Sípéènì ti dán an wò. Ní 1995, àjọ tó ń bójú tó èdè wọn gba millardo wọlé, Rafael Caldera tó jẹ́ ààrẹ Fẹnẹsúélà ló bẹ̀bẹ̀ fún un. Ó wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè títí dòní. Ẹ ka ìwé ìròyìn Madrid kan, kí ẹ wò ó bóyá ẹ ó bá a níbẹ̀. Mil millones ni ẹ ó bá.

Ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù àti mílíọ̀nù lọ́nà ẹgbẹ̀rún

Mil millones yìí náà ni tiwa. Ẹgbẹ̀rún kò lè yí, mílíọ̀nù kò yí rí, nítorí náà ohun tí a bá fi méjèèjì kọ́ kò lè yí. Pọ́túgà ń sọ mil milhões. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ náà ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó ṣí kúrò. Ará Kétu, ará Ìbàdàn, ọmọ wa tó ń ka Sípéènì ní Havana, kò sẹ́ni tí kò ní mọ̀ ọ́n.

Àléébù rẹ̀ farasin díẹ̀, èdè wa gan-an ló sì ti wá. Ẹ ka èyí sókè: “ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mílíọ̀nù.” Ṣé 3,500,000,000 ni àbí 500,003,000? Etí kò lè dá a mọ̀. Oǹkà wa fẹ́ràn kí ohun ńlá ṣíwájú, kí a wá fi “lọ́nà” so iye rẹ̀ mọ́ ọn, bí a ti ń sọ pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà. Nítorí náà mo fara mọ́ “mílíọ̀nù lọ́nà ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta”. Ó gùn, òótọ́ ni. “Mílíọ̀nù lọ́nà ẹgbẹ̀rún” nìkan ti jẹ́ sílébù mẹ́sàn-án, ju ìlọ́po méjì bílíọ̀nù lọ, olóòtú tó ń wá àkọlé kúkurú yóò sì gbé ojú sókè wò yín. Mo fara mọ́ ọn síbẹ̀, fún ohun tí wọ́n máa kà lórí afẹ́fẹ́ àti fún àdéhùn tó bá kan owó ẹni méjì tí ààlà pín níyà.

Àádọ́ta ọ̀kẹ́

Ọ̀kẹ́ kan ni àpò owó ẹyọ tó jẹ́ 20,000. Àádọ́ta irú rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan géérégé. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i pé àwọn ará Gíríìsì náà kò yá mílíọ̀nù lọ́wọ́ Ítálì. Ekatommýrio ni tiwọn, ìyẹn ọgọ́rùn-ún lọ́nà ẹgbàárùn-ún. Àwọn fi 10,000 ṣe àpò, àwa fi 20,000 ṣe é, a sì jọ dé ibi kan náà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ síwájú, wọ́n fi “ẹ̀ẹ̀mejì” síwájú rẹ̀, disekatommýrio, òdo mẹ́sàn-án. Oǹkà kúkurú nínú aṣọ Gíríìsì.

Tí a bá fẹ́ fi ọ̀kẹ́ dé bílíọ̀nù wa, ẹgbàá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ọ̀kẹ́ ni. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ nínú ìròyìn agogo mẹ́fà. Àádọ́ta ọ̀kẹ́ lọ́nà àádọ́ta ọ̀kẹ́ ńkọ́? Byllion Chuquet gan-an nìyẹn, òdo méjìlá, láìsí pé ẹnì kan kọ́ wa. Fún mílíọ̀nù, ọ̀rọ̀ yìí dára, ó sì ṣì wà lẹ́nu. Ó yẹ ìtàn, ó yẹ ewì, ó yẹ ọ̀rọ̀ ìkíni níbi ayẹyẹ. Fún ohun tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kó sinmi. Àwọn ọ̀dọ́ tó pọ̀ kò mọ̀ mọ́ pé ọ̀kẹ́ ní iye pàtó. “Ọ̀kẹ́ àìmọye” ni wọ́n mọ̀, èyí sì ti di ọ̀rọ̀ àsọdùn.

Nọ́ńbà lásán

Ẹ ó rò pé òdo kì í parọ́. Òdo kì í parọ́, ṣùgbọ́n àmì tó wà láàárín wọn lè parọ́. Àwọn ará Jámánì ń kọ 1.234 fún ẹgbẹ̀rún kan, igba àti mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, níbi tí àwa ti máa rí ọ̀kan àti díẹ̀. 54,99 tiwọn ni 54.99 tiwa. Ìpàdé àgbáyé lórí ìwọ̀n ti sọ ọ́ ní 1948, wọ́n tún un sọ ní 2003, pé tí a bá pín òdo ní mẹ́ta mẹ́ta, àlàfo ni ká fi sáàárín wọn, ká má fi kómà, ká má fi àmì ìdánudúró. 1 000 000 000, báyìí. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é nínú ìwé àdéhùn.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń ra dátà ní gígà. Gígà yẹn, tí wọ́n gbà wọlé sínú ètò ìwọ̀n àgbáyé ní 1960 láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí òmìrán, bílíọ̀nù olódo mẹ́sàn-án ni nínú ètò náà, ní èdè gbogbo. Ọ̀rọ̀ tí kì í yí padà láti èdè dé èdè wà lẹ́nu ọmọ tó ń ta káàdì lábẹ́ agboòrùn. Ó kàn jẹ́ pé a kò lè sọ pé gómìnà ná gígà mẹ́ta náírà.

Ta ni kó mú èwo

Ẹ̀yin tó ń kọ ìròyìn fún òǹkàwé ní Nàìjíríà, ẹ kọ bílíọ̀nù, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ẹ̀yin tó ń kà á lórí rédíò tí Ìmẹ̀kọ àti Kétu jọ ń gbọ́, mílíọ̀nù lọ́nà ẹgbẹ̀rún ni tiyín. Bó bá jẹ́ ará Bẹ̀nẹ̀ nìkan ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀, ẹ lo milliard wọn, ẹnikẹ́ni kò yan yín ní olùkọ́ lé wọn lórí. Ìwé àdéhùn, ìwé báńkì, ìwé ilé ẹjọ́: ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà papọ̀, kí àlàfo wà láàárín òdo. Akéwì lè mú ọ̀kẹ́ bó ṣe wù ú.

Ẹ̀yin atúmọ̀ èdè ni mo ní ọgbọ́n kékeré kan fún. Kí ẹ tó fọwọ́ kan nọ́ńbà ńlá nínú èdè tí kò mọ́ yín lára, ẹ wá bí èdè náà ṣe kọ iye ènìyàn inú ayé. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní a pé 8 000 000 000 ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá 2022, gbogbo ìwé ìròyìn ló sì gbé e. Ẹ ó rí ocho mil millones ní Madrid, huit milliards ní Paris, acht Milliarden ní Berlin, oito mil milhões ní Lisbon, oito bilhões ní São Paulo. Ìṣẹ́jú méjì kò ní kọjá tí ẹ ó fi mọ irú oǹkà tí ẹ wà nínú rẹ̀.

Ti Kòlóńbíà, mo tún un kọ sí “tírílíọ̀nù 500 pésò”, mo sì fi gbogbo òdo rẹ̀ sínú àkámọ́. Olóòtú pè mí lójú ẹsẹ̀, ó ní òdo wọ̀nyí ti gba odidi ìlà kan lọ́wọ́ òun, ṣé kò lè dín kù ni. Mo ní kó kọ́kọ́ bá mi kà wọ́n.